Òótọ́ àbí irọ́? Bíà tó rú bí ẹmu

Ẹ̀gbọ́n mi wá kí wa láti Ìbàdàn ní oṣù kẹwàá tó kọjá. Worcester, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ni à ń gbé. Àwọn igi ìta ti ń wọ́wé nígbà náà, òtútù sì ti ń yọjú. Mo bu bíà ọwọ́ mi sínú ife kan, mo gbé e síwájú wọn. Wọ́n gbé ife náà sókè sí iná, wọ́n yí i sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì.

"Àbúrò, ta ló da omi ọsàn sínú bíà?"

"Kò sí ọsàn níbẹ̀, Bọ̀dá mi. Ẹ tọ́ ọ wò ná."

Wọ́n tọ́ ọ wò. Wọ́n tún tọ́ ọ wò. "Ó dùn o. Àmọ́ ó ti bàjẹ́. O ò rí i bó ṣe rú ni?"

Ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti ń pọn bíà ní yàrá abẹ́ ilé wa. Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni IPA (India Pale Ale) rírú, tí àwọn ará ibí ń pè ní hazy. Ọ̀rọ̀ tí mo ti gbọ́ nípa rẹ̀, látẹnu ẹni tó ń mu ún àti ẹni tó ń pọn ọ́n, kún agbè. Òmíràn jóòótọ́, òmíràn ò rí bẹ́ẹ̀, òmíràn sì wà tó jẹ́ pé bíà odindi oṣù kan ló gbà lọ́wọ́ mi kí n tó mọ̀ pé irọ́ ni.

"Bíà tó bá rú, ó ti bàjẹ́"

Irọ́ ni. Sísẹ́ ni wọ́n máa ń sẹ́ àwọn bíà inú ìgò tí a mọ̀ nílé títí wọ́n á fi mọ́ gaara. Ojú wa ti mọ́ ọn débi pé a ti gbàgbé ohun tí àwọn bàbá wa ń mu. Ẹmu ń kọ́? Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ń kọ́? Burukutu? Èwo ló mọ́ gaara nínú wọn? Mi ò tíì rí ẹni tó gbé ẹmu sójú iná kó tó mu ún.

Ohun tó ń mú IPA yìí rú kì í ṣe ìdọ̀tí. Ọkà báálì ni a fi ń pọn bíà, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ pọn hazy á fi àlìkámà àti óòtì kún un dáadáa. Purotéènì pọ̀ nínú àwọn méjèèjì. Òdòdó họ́ọ̀pù tí a ń dà sí i ní tirẹ̀ ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní polyphenol, ìbátan ohun tó ń mú ẹnu gbẹ bí a bá rún obì. Purotéènì àti èròjà yìí á so mọ́ra, wọ́n á di nǹkan tín-íntìn-ìntín tí kò lè tètè rì, á wá máa léfòó kiri inú ọtí. Ìmọ́lẹ̀ tó bá bà á á fọ́n ká. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi rí nìyẹn.

Àwọn apọntí pàápàá máa ń ṣì í mú. Òmíràn rò pé ìwúkàrà ló ń mú un rú, á wá máa kánjú bù ú mu kí ìwúkàrà tó rọlẹ̀. Mo ti rí ẹni tó da ìyẹ̀fun sí i nígbà tó ń hó lórí iná, kó lè rú dáadáa. Ìwúkàrà tó bá pọ̀ nínú ife a máa ta lọ́fun, a sì máa bo adùn họ́ọ̀pù mọ́lẹ̀. Ẹ gbé bíà náà sí fíríìjì fún ọ̀sẹ̀ kan: ìwúkàrà á di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nísàlẹ̀, rírú tòótọ́ á ṣì wà lókè.

Ìpínlẹ̀ Vermont, tí kò jìnnà sí wa níbí, ni ọtí yìí ti gbòde. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Greg Noonan ṣí ilé ọtí Vermont Pub & Brewery sí ìlú Burlington ní 1988. John Kimmich ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, kó tó di pé òun àti ìyàwó rẹ̀, Jen, ṣí tiwọn, The Alchemist, sí Waterbury ní 2003. Bíà wọn tó ń jẹ́ Heady Topper ló sọ wọ́n di ìlú-mọ̀ọ́ká. Ní August 2011, ìjì Irene mú kí odò kún, omi sì ba ilé ọtí wọn jẹ́. Láàárín ọjọ́ mélòó kan sí ìgbà yẹn ni ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti fẹ́ máa rọ ọ́ sínú agolo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n kọ ọ́ sára agolo náà pé inú agolo gan-an ni kí èèyàn ti mu ún, torí kí òórùn rẹ̀ má bàa fò lọ. Èmi a máa rẹ́rìn-ín tí mo bá rántí ẹ̀gbọ́n mi: ká ní inú agolo ni wọ́n ti mu ún, kò ní sí ọ̀rọ̀ pé ó rú. Nígbà tó fi máa di 2018, ẹgbẹ́ àwọn apọntí Amẹ́ríkà ti fún hazy ní ààyè tirẹ̀ nínú ìdíje, ọtí rírú di ọtí oníwèé-ẹ̀rí.

"Họ́ọ̀pù ni kì í jẹ́ kí IPA bàjẹ́, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi ń ránṣẹ́ sí Íńdíà"

Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti bù mọ́ ọn. Ìtàn tí gbogbo ayé ń sọ ni pé bíà ń bàjẹ́ lórí òkun, ni apọntí kan ní Lọ́ńdọ̀nù, George Hodgson, bá jókòó, ó ronú, ó dá bíà tuntun kan sílẹ̀ tó le tó sì korò, kó lè dé Íńdíà láyọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bow, ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ni Hodgson ti ń pọn ọtí. Ibẹ̀ ò jìnnà sí ibi tí ọkọ̀ òkun ilé-iṣẹ́ East India Company ń gúnlẹ̀ sí, ó sì ń ta ọjà fún àwọn ọ̀gá ọkọ̀ láwìn. Ìtòsí àti àwìn yẹn ló sọ ọ́ di ọlọ́jà Íńdíà, kì í ṣe ọgbọ́n tuntun kankan. Bíà dúdú tí wọ́n ń pè ní porter náà ń wọkọ̀ lọ síbẹ̀, ó sì ń dé láìbàjẹ́. Orúkọ náà, East India Pale Ale, inú ìwé ìròyìn kan ní Sydney, ní Ọsirélíà, ni àwọn òpìtàn ti rí i nínú ìpolówó ọdún 1829. Bíà náà kò sì le ju ọ̀pọ̀ bíà ayé ìgbà yẹn lọ.

Ibi tí òótọ́ wà nìyí: oró kíkorò inú họ́ọ̀pù ń dènà àwọn kòkòrò tín-íntìn-ìntín tó ń mú ọtí kan. Láti àwọn ọdún 1760 ni wọ́n ti ń gba àwọn apọntí Gẹ̀ẹ́sì nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi họ́ọ̀pù kún bíà tó bá ń lọ sí ilẹ̀ olóoru. Àmọ́ ọtí tó kan yàtọ̀ sí ọtí tó ṣá. Bíà tó ń lọ sí Íńdíà, pípẹ́ ni wọ́n fẹ́ kó pẹ́. Oṣù mélòó kan nínú àgbá lórí omi ló ń mú un gbó. Kò sẹ́ni tó ń retí òórùn òdòdó tútù lára rẹ̀.

Hazy kò rí bẹ́ẹ̀. Họ́ọ̀pù díẹ̀ là ń sè. Èyí tó pọ̀ jù, ẹ̀yìn tí iná bá ti kú la máa ń dà á sí i, tàbí nígbà tí ìwúkàrà bá ti ń parí iṣẹ́ rẹ̀, torí òórùn rẹ̀ là ń wá: màngórò, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, èèpo ọsàn. Òróró tó gbé òórùn yìí ni afẹ́fẹ́ sì kọ́kọ́ ń pa. Nítorí náà họ́ọ̀pù tó pọ̀ bẹ́ẹ̀ kò dáàbò bo ọtí lọ́wọ́ ṣíṣá. Òun gan-an ló ń kọ́kọ́ ṣá. Bàbá fẹ́ pẹ́ láyé, ọmọ ò fẹ́, orúkọ kan náà ni wọ́n sì ń jẹ́.

"Gáàsì CO2 wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ó máa bo ọtí náà bí aṣọ"

Irọ́ tó náwó nìyí. Owó mi ló ná.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo pọn hazy, lítà 19 ni mo pọn. Mo lo Citra àti Mosaic, họ́ọ̀pù tí wọ́n ń gbìn ní àfonífojì Yakima ní ìpínlẹ̀ Washington. Nígbà tí mo da họ́ọ̀pù gbígbẹ sí i, yàrá abẹ́ ilé ń ta sánsán bí ọjà eléso. Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Lójoojúmọ́ ni mo ń ṣí ìdérí ike tí ọtí náà wà láti wò ó, màá tẹ imú bọ ẹnu ike, màá fà á símú. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ti sọ fún mi pé kò séwu: gáàsì tí ìwúkàrà ń tú jáde wúwo, ó ti tẹ́ ara rẹ̀ sórí ọtí, afẹ́fẹ́ ò lè kọjá. Nígbà tó tó àkókò, mo fi rọ́bà fà á sínú ìgò, ọtí ń ya wàrà wàrà sísàlẹ̀ ìgò, ó ń ru fòò. Mo rò pé ohun tó dára ni.

Mo mu ti ọjọ́ kẹrin. Ó dára. Ní ọjọ́ kẹwàá, mo ṣí òmíràn, mo dà á sínú ife, mo rò pé iná yàrá ló ń ṣe mí. Mo gbé e lọ sẹ́nu fèrèsé. Bíà tó pọ́n bí omi ọsàn ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ti di àwọ̀ omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò ọbẹ̀, àwọ̀ ilẹ̀ tó ń fi eérú hàn. Màngórò ti lọ. Ohun tó kù ń dùn bí oyin tó ti pẹ́, páálí tútù sì ń fìfẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ rùn lẹ́yìn rẹ̀. Mo ṣí mẹ́ta mìíràn. Bákan náà ni. Ìyàwó mi wo ife, ó wò mí, kò sọ nǹkan kan, ó padà sókè.

Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Òótọ́ ni pé CO2 wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ó tó nǹkan bí ìlọ́po kan àti ààbọ̀. Àmọ́ gáàsì kì í ṣe òróró àti omi. Gáàsì a máa pòpọ̀. Bí aládùúgbò bá ń dín ata, ṣé òórùn rẹ̀ kì í kan yín lójú ẹsẹ̀? Tó bá jẹ́ pé gáàsì tó wúwo máa ń dùbúlẹ̀ nísàlẹ̀ ni, CO2 ìbá ti tẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ káàkiri ayé, àwa tó ń sùn lórí ẹní ì bá má jí. Ìdérí tó bá ṣí, afẹ́fẹ́ ti wọlé nìyẹn, ìdá 21 nínú 100 rẹ̀ sì jẹ́ ọ́síjìn.

Kò dìgbà tí ọ́síjìn yìí bá pọ̀ kó tó ba nǹkan jẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó mọṣẹ́ máa ń ṣọ́ ọ kó má ju ìpín 50 lọ nínú bílíọ̀nù kan nínú agolo. Omi tó bá wà ní gbangba nínú yàrá, tí afẹ́fẹ́ ti kún inú rẹ̀ dé góńgó, ọ́síjìn inú rẹ̀ á tó ìpín 9 nínú mílíọ̀nù kan. Ẹ ṣírò rẹ̀: ìlọ́po 180 ni. Ìdí nìyẹn tí wàrà wàrà inú ìgò mi fi jẹ́ ìparun.

Kò sì sí kòkòrò kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìmọ́tótó mi kò lẹ́bi. Ohun alààyè ló ń jẹ ẹmu tó fi ń kan. Ti hazy dà bí iṣu tí a bó, tí a gbàgbé sórí tábìlì, tó ń dúdú lójú wa. Tàbí bí àdá tó dógùn-ún. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni afẹ́fẹ́ jẹ́ ọ̀rẹ́ ọtí yìí: ọjọ́ tí a bá da ìwúkàrà sí i, torí ìwúkàrà nílò rẹ̀ láti pọ̀ sí i. Láti ọjọ́ kejì, ọ̀tá ni.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí rèé. Mo ra kẹ́ẹ̀gì irin kan. Mo máa ń rọ omi tí mo po oògùn apakòkòrò sí kún un dẹ́nu, màá wá fi CO2 láti inú sìlíńdà ti gbogbo omi náà jáde. Gáàsì nìkan ló máa ṣẹ́ kù sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, rọ́bà kan á gba ìsàlẹ̀ ike wọ inú kẹ́ẹ̀gì, rọ́bà kejì á dá gáàsì inú kẹ́ẹ̀gì padà sórí ike. Ọtí á ṣípò láìfojú kan òde. Ìdẹkùn kan ṣì wà: tí èèyàn bá gbé ike sínú òtútù kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè rọlẹ̀, gáàsì inú rẹ̀ á súnkì, á sì fa afẹ́fẹ́ ìta wọlé. Bàlúù tí a ti fẹ́ CO2 kún, tí a so mọ́ ẹnu rẹ̀, tó láti yanjú ìyẹn. Ẹni tí kò bá ní kẹ́ẹ̀gì, tó jẹ́ ìgò ló ní, kó rọ ọtí dé ibi tí àyè ò ti ní fẹ́rẹ̀ẹ́ sí lókè, kó sì tètè mu ún. Wọ́n á ní ìwúkàrà inú ìgò máa jẹ ọ́síjìn náà tán. Ó máa jẹ díẹ̀. Kò lè jẹ gbogbo rẹ̀.

"Ọtí tí èèyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ pọn ń fọ́ ojú"

Ìyá mi ló pè mí lórí fóònù torí èyí. "Wọ́n ní ò ń ṣe ọtí. Má jẹ̀ẹ́ kó fọ́ ẹ lójú o." Mi ò lè rẹ́rìn-ín sí wọn, torí mo mọ ibi tí ìbẹ̀rù wọn ti wá. Ní April 2015, ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ àwọn èèyàn, ojú wọn ṣú, ọ̀pọ̀ sì kú láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Àwọn kan kọ́kọ́ ní òrìṣà ló ń bínú. Àyẹ̀wò fi hàn pé methanol tó wà nínú ògógóró ni. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, ìjọba fòfin de ògógóró.

Fún bíà, irọ́ ni. Èso ni methanol ti sábà máa ń jáde, láti ara èròjà pectin inú rẹ̀; ohun tí ọkà lè mú wá kò tó nǹkan. Kò sì sí iná tàbí páìpù tó ń kó o jọ sójú kan nínú bíà. Ṣíṣe ọtí líle lè kó o jọ, ẹni tó sì ń da methanol ilé-iṣẹ́ mọ́ ọtí kó lè pọ̀ ló burú jù. Òfin Amẹ́ríkà pàápàá mọ ìyàtọ̀ náà. Ààrẹ Jimmy Carter fọwọ́ sí òfin tó gba pípọn bíà nílé láàyè ní 1978: gálọ́ọ̀nù 100 lọ́dún fún àgbàlagbà kan, 200 fún ilé tí àgbà bá ju ẹyọ kan lọ, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ tà á. Mississippi àti Alabama ò gbà á láàyè títí di 2013. Ọtí líle ní tirẹ̀, òfin 1978 náà ò gbà kéèyàn sè é nílé. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi. Wọ́n ní kí n ṣáà máa fi ojú sílẹ̀.

"Bíà tó bá tutù, tó gbóná, tó tún padà tutù, ó ti bàjẹ́ nìyẹn"

Irọ́, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó fà á. Nígbà tí bíà bá ń rùn bí ẹranko skunk, tó máa ń tu omi burúkú síni lára níbí, àwọn èèyàn á ní mímú un jáde nínú fíríìjì ló ṣe é. Ìmọ́lẹ̀ ló ṣe é. Oòrùn tó bá bá oró kíkorò họ́ọ̀pù pàdé nínú ìgò ń sọ ọ́ di èròjà onísọ́fà tó ń rùn bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Ìgò aláwọ̀ ewé kò dí i. Ìgò aláwọ̀ ilẹ̀ dí èyí tó pọ̀, agolo dí gbogbo rẹ̀.

Ooru ní iṣẹ́ tirẹ̀, àmọ́ àròpọ̀ wákàtí ló ń kà, kì í ṣe iye ìgbà tí a gbé e wọlé jáde. Àwọn oníṣẹ́ bíà ní ìṣirò kan tí wọ́n ń pè ní 3-30-300: ọjọ́ 3 nínú ooru 32°C, ọjọ́ 30 ní 22°C, àti ọjọ́ 300 ní 3°C, ohun kan náà ló ń sọ bíà dà. Fún hazy, èmi ò fọkàn tán 300 yẹn rárá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nínú fíríìjì, tí kẹ́ẹ̀gì bá mọ́ lọ́wọ́ afẹ́fẹ́, ni tèmi.

"Bí họ́ọ̀pù bá ṣe pọ̀ tó ni ọtí ṣe máa ta sánsán tó"

Títí dé ibì kan. Ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Oregon, Scott Lafontaine àti Thomas Shellhammer gbé ìwádìí kan jáde ní 2018 lórí họ́ọ̀pù Cascade. Wọ́n rí i pé tó bá ti kọjá nǹkan bí gíráàmù 8 sí lítà kan, èrè orí rẹ̀ kò tó nǹkan mọ́, òórùn ewé àti tíì ló ń borí. Họ́ọ̀pù gbígbẹ tún ní nǹkan inú rẹ̀ tó ń fọ́ ṣúgà líle tí ìwúkàrà ti pa tì sí wẹ́wẹ́, ìwúkàrà á wá jí, á tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì méjì, Brown àti Morris, ti kọ èyí sílẹ̀ ní 1893, ayé wá gbàgbé rẹ̀. Tó bá ṣẹlẹ̀ nínú ìgò tí a ti dé pa, gáàsì á pọ̀ jù, ìgò á bẹ́. Ẹ dúró de ọjọ́ mélòó kan sí i kí ẹ tó rọ ọ́.

Ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi máa padà, wọ́n ní kí n di ìgò mẹ́fà fún àwọn sínú àpótí, kí àwọn ará ilé náà tọ́ ọ wò. Wọ́n ti gbàgbé pé ó bàjẹ́.

Mo bá wọn ṣírò rẹ̀. Wákàtí mélòó ní pápákọ̀ òfurufú, mélòó nínú búùtù ọkọ̀ láti Ìkẹjà dé Ìbàdàn, mélòó lórí kọ́ńtà ilé ìdáná kí iná tó dé kí fíríìjì tó tutù. Ọjọ́ 3 nínú ooru 32°C. Mo ní, "Bọ̀dá mi, ṣé ẹ lè gbé ẹmu àárọ̀ láti Ìbàdàn wá fún mi níbí?"

Wọ́n wò mí. Wọ́n wo kẹ́ẹ̀gì.

"Mélòó ló kù níbẹ̀?"

"Ó máa tó ife mẹ́jọ."

Wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n gbé e sórí àpótí tí a ò tíì dì tán, wọ́n na ife sí mi.